Ẹ Yéé Fi Báírò Parí Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ní ẹ̀ka Yorùbá rí kò ní í béèrè ìdí tí mo fi ń bá báírò jà. Ọmọ ilé ìwé á gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Agbowó, níwájú géètì Yunifásítì Ìbàdàn. Wọ́n á bá a tẹ̀ ẹ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde, ojú ìwé á lé ní ọgọ́rùn-ún, kò sì ní í sí àmì ohùn kan péré níbẹ̀. Ó wá di kí ó jókòó ti báírò dúdú, kí ó máa fa àmì sórí fáwẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó máa fi dọ́ọ̀tì sí ìdí ẹ, ọ àti ṣ. Bí alábòójútó bá ní kó lọ tún orí kẹta tẹ̀, gbogbo àmì orí kẹta bá omi lọ nìyẹn. Àwọn ọ̀gá wa tó lo taipúráítà ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé ẹ̀rọ ọwọ́ wọn kò ní àmì. Ẹ̀rọ tiwa ní in. Kí ló wá dé tí báírò kò tíì fi wá sílẹ̀?

Ó ti pẹ́ tí kọ̀ǹpútà àti fóònù ti mọ gbogbo lẹ́tà Yorùbá. Àwọn tó ṣe é ti kó o sínú rẹ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ra kọ̀ǹpútà kì í yà sí ni wọ́n kó o sí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹ ó fi ṣí i, ẹ kò sì ní í san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kòtò wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá kàn ń tẹ̀ láì mọ ohun tó ń lọ lábẹ́ kíbọọ̀dù lè tẹ iṣẹ́ tó dára lójú, kí kọ̀ǹpútà máà rí ìdajì ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ní kó wá a.

Bí ẹ àti ọ ṣe wọ inú kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ àmì yìí ti wà nílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Lọ́dún 1875, ìjọ CMS pe ìpàdé sí Èkó lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí, tí à ń lò dòní, jẹ́ ti ọdún 1974. Nígbà tí àwa ń yanjú tiwa lórí ìwé, àwọn ará Amẹ́ríkà ti ṣe ìlànà kan fún ẹ̀rọ lọ́dún 1963, wọ́n pè é ní ASCII. Ààyè 128 péré ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà, àmì ìdánudúró àti àwọn àṣẹ tí ẹ̀rọ ń lò ló gba gbogbo ààyè náà tán. Kò ku ibi tí ọ fẹ́ jókòó sí.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn tó mọ iṣẹ́ ta ọgbọ́n. Wọ́n á mú fọ́ǹtì kan, wọ́n á yọ àwọn àmì tí ẹnikẹ́ni kì í sábà lò kúrò, wọ́n á ya ẹ, ọ̀ àti ṣ sí ipò wọn. Lórí kọ̀ǹpútà tí fọ́ǹtì náà wà, Yorùbá á jáde gẹ́rẹ́gẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé fáìlì náà lọ sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, àmì dọ́là, àmì ìbéèrè àti lẹ́tà àjèjì ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ní irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ wá fọ́ǹtì àtijọ́ náà kàn kó tó lè ka ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ.

Unicode ló tú wa sílẹ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1991, àdéhùn rẹ̀ sì ni pé lẹ́tà gbogbo èdè ayé yóò ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí kò ní í yí padà láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Ẹ àti ọ rí nọ́ńbà gbà, ọ̀nà Vietnam ni wọ́n sì gbà wọlé. Àwọn ará Vietnam náà ń fi dọ́ọ̀tì sí ìdí fáwẹ̀lì, ṣùgbọ́n ohùn ni dọ́ọ̀tì náà ń fi hàn lọ́dọ̀ tiwọn. Níwọ̀n bí sílébù kan kì í ti í ru ohùn méjì, kò sí ohun tí yóò mú wọn fi àmì ohùn mìíràn lé ẹ tó ti ní dọ́ọ̀tì lórí. Ìdí rèé tí ẹ fi ní nọ́ńbà, tí é náà ní, tí ẹ́ kò sì ní. Ohun méjì ni kọ̀ǹpútà ń so pọ̀ láti rí ẹ́: lẹ́tà ẹ, àti àmì òkè tó ń tẹ̀ lé e. Bákan náà ni ẹ̀, ọ́ àti ọ̀. Àwọn tó ń bójú tó Unicode kì í sì í fún irú àkópọ̀ bẹ́ẹ̀ ní nọ́ńbà tuntun mọ́, torí pé a lè so ó pọ̀ láti ara ohun tó ti wà nílẹ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn. Inú ìsopọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ wàhálà tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ ti ń jáde.

Ẹ yan kíbọọ̀dù kan, kí ẹ dúró tì í

Mo bá ọmọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá, níbi tó ti ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú. Gbogbo ìgbà tó bá dé orí ọ, á gbé mọ́ọ̀sì lọ sórí Insert, á tẹ Symbol, fèrèsé kan tó kún fún lẹ́tà oríṣiríṣi á yọ, á máa yí i lọ sísàlẹ̀ títí á fi rí ọ. Á fi í sí i, á pa fèrèsé dé. Lẹ́tà méjì lẹ́yìn náà, ọ mìíràn á tún dé.

“Ẹ má bínú, sà,” ló wí nígbà tó rí i pé mò ń wo òun. “Owó Yorùbá yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ wa. Ó máa ń jẹ́ kí iṣẹ́ pẹ́.”

“Àbúrò, sún díẹ̀. Jẹ́ n fi nǹkan kan hàn ọ́.”

Mo ṣí Settings, mo lọ sí Time & language, mo tẹ Language & region, mo tẹ Add a language, mo kọ Yoruba síbẹ̀. Windows máa ń fẹ́ gba oríṣiríṣi nǹkan wálẹ̀ mọ́ èdè tí ẹ bá fi kún un. Ẹ yọ máàkì kúrò lára èyí tí ẹ kò nílò, kó má jẹ dátà yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, kí ẹ tẹ àlàfo, kíbọọ̀dù á yí sí Yorùbá. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀, á padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà, ẹ di Windows àti Ctrl mú, kí ẹ tẹ O. Àwòrán kíbọọ̀dù á jáde sójú kọ̀ǹpútà, ẹ ó sì máa rí ohun tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ń mú wá.

Ọmọkùnrin náà tẹ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un tẹ̀, ó yíjú sí mi. “Ó ti wà níbí látijọ́?”

“Láti ọjọ́ tí ọ̀gá ẹ ti rà á ni.”

Ẹni tó ń lo Mac náà kò ní í jìnnà lọ. Nínú ètò kíbọọ̀dù, lábẹ́ Input Sources, kí ó yan ABC – Extended. Option pẹ̀lú x á fún un ní dọ́ọ̀tì ìdí, Option pẹ̀lú e á fún un ní àmì òkè, Option pẹ̀lú àmì ` á fún un ní àmì ìsàlẹ̀. Àmì ni wọ́n ń kọ́kọ́ tẹ̀ níbẹ̀, lẹ́tà á wá tẹ̀ lé e.

Bí kíbọọ̀dù tí Windows fúnni kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ọ̀fẹ́ ni Keyman tí àjọ SIL ń pín, ó sì ní ti Yorùbá fún kọ̀ǹpútà àti fóònù. Àwọn tó dá YorubaName, atúmọ̀ orúkọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, sílẹ̀, tí Kọ́lá Túbọ̀sún jẹ́ aṣáájú wọn, náà gbé kíbọọ̀dù ọ̀fẹ́ jáde fún Windows àti Mac. Ní Ìbàdàn, Túndé Adégbọlá àti àjọ rẹ̀, African Languages Technology Initiative, ti ń bá ọ̀rọ̀ Yorùbá lórí ẹ̀rọ fà á kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó ní fóònù tó lè ka lẹ́tà ẹ. Yorùbá kì í lo c, q, v, x àti z, nítorí náà àwọn kan tó ń ṣe kíbọọ̀dù a máa fi ẹ, ọ àti ṣ sórí àwọn bọ́tìnnì wọ̀nyẹn. Àwọn mìíràn á ní kí ẹ tẹ àmì lẹ́yìn lẹ́tà. Èyí tó bá wu ọwọ́ yín ni kí ẹ mú.

Lórí fóònù Android, ẹ ṣí ètò Gboard, ẹ lọ sí Languages, ẹ fi Yorùbá kún un. Bí ẹ bá wá tẹ lẹ́tà e, tí ẹ kò tètè gbé ìka kúrò, àwọn ẹ̀yà rẹ̀ á yọ jáde, ẹ ó mú èyí tí ẹ fẹ́.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ mú kíbọọ̀dù kan ṣoṣo, kí ẹ sì dúró tì í. Ẹni tó ń fi Symbol mú ọ lónìí, tó ń dà á kọ láti inú WhatsApp lọ́la, tó tún fi kíbọọ̀dù tẹ̀ ẹ́ lọ́túnla, ń kó oríṣi ọ mẹ́ta sínú fáìlì kan ni. Ẹ ó rí ìyà tó wà níbẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ sọ AutoCorrect di ọmọ iṣẹ́

Gẹ̀ẹ́sì tó kún fún àṣìṣe ni Word rò pé Yorùbá jẹ́. Á fa ìlà pupa wọ́gọwọ̀gọ sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀, á sọ i kékeré tó dá dúró di I ńlá, á yí lẹ́tà padà lẹ́yìn yín nígbà tí ẹ kò wò ó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbà pé bó ṣe ń rí nìyẹn. Ẹ tẹ Ctrl àti A kí gbogbo iṣẹ́ náà lè ní àwọ̀, ẹ lọ sí Review, ẹ tẹ Language, ẹ yan Set Proofing Language, ẹ mú Yoruba níbẹ̀. Bí ìlà pupa bá ṣì ń jà, ẹ fi máàkì sí Do not check spelling or grammar. Ojú ìwé á mọ́ rekete.

Ẹ má wulẹ̀ lé AutoCorrect lọ o, ẹ fi í ṣiṣẹ́. Nínú File, ẹ lọ sí Options, lẹ́yìn náà Proofing, lẹ́yìn náà AutoCorrect Options. Ẹ ó rí àpótí méjì: èyí tí ẹ ó tẹ̀, àti èyí tí ẹ fẹ́ kó jáde. Ẹ kọ yrb sínú ti àkọ́kọ́, Yorùbá sínú ìkejì. Ẹ kọ olr fún Ọlọ́run, ibd fún Ìbàdàn, orúkọ ìjọ yín tàbí ẹgbẹ́ yín fún ìkékúrú mìíràn. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń kọ orúkọ àwọn olóyè kan náà nínú gbogbo ìwé ìpàdé á sinmi. Kìkì pé kí ẹ má fi ọ̀rọ̀ gidi ṣe ìkékúrú. Ẹni tó bá ní kí oko máa di ọkọ̀ yóò kọ lẹ́tà sí àwọn àgbẹ̀ lọ́jọ́ kan, yóò sì rí i pé mọ́tò ni wọ́n ń ro.

Ọgbọ́n méjì tún wà fún ìgbà tí ẹ bá wà lórí kọ̀ǹpútà onílé, tí ẹ kò lè fi kíbọọ̀dù sí i. Nínú Word, ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú àmì ', ẹ gbọ́wọ́ kúrò, ẹ tẹ a, á di á. Ẹ fi àmì ` rọ́pò ', á di à. Ìyẹn kò lè gbé dọ́ọ̀tì ìdí wá. Fún ìyẹn, ẹ tẹ 1ecd, kí ẹ di Alt mú, kí ẹ tẹ X, nọ́ńbà náà á di ọ lójú yín. 1eb9 ni ti ẹ, 1e63 ni ti ṣ. Bí ẹ bá fẹ́ àmì òkè lórí ọ, ẹ tẹ 0301 mọ́ ọn lẹ́yìn, kí ẹ tún tẹ Alt àti X. 0300 ni àmì ìsàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé a, b, d, e tàbí f ló ṣáájú nọ́ńbà, ẹ fi àlàfo sí àárín ná, torí pé Word lè rò pé ara nọ́ńbà ni lẹ́tà náà. Ẹ ó pa àlàfo rẹ́ tó bá yá.

Adébáyọ̀ méjì, ojú kan

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo ti sọ pé kọ̀ǹpútà ń so ọ̀ pọ̀ ni. Ó lè jẹ́ ọ tó ti ní dọ́ọ̀tì, tí àmì ìsàlẹ̀ wá gùn. Ó lè jẹ́ ò tó ti ní àmì, tí dọ́ọ̀tì wá wọ ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ o lásán tó wá ru méjèèjì lẹ́yìn ara wọn. Lójú tèmi tìrẹ, ọ̀kan náà ni. Lójú ọ̀pọ̀ ètò orí kọ̀ǹpútà, mẹ́ta ni. Àwọn kan tilẹ̀ tún wà tó jẹ́ ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán ni wọ́n ń fi sí ìdí lẹ́tà dípò dọ́ọ̀tì, nọ́ńbà tirẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé akọ̀wé méjì ló tẹ ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ kan, tí kálukú lo kíbọọ̀dù tirẹ̀. Ẹ wá tẹ Ctrl àti F, ẹ kọ Adébáyọ̀. Kọ̀ǹpútà lè kó Adébáyọ̀ akọ̀wé kìíní jáde, kó sì fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí òmíràn mọ́. Ẹ̀ ń wo èyí tó kù lójú yín gan-an, ẹ̀rọ ń sọ pé kò sí níbẹ̀. Níbi báyìí ni wọ́n ti ń sọ pé kọ̀ǹpútà kò mọ Yorùbá.

Unicode fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀kan ni ọ tó ru àmì àti ò tó ní dọ́ọ̀tì. Ó ní ìlànà tó ń kó wọn sí ìrísí kan ṣoṣo, NFC ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá gbọ́ Python díẹ̀, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, lè pe unicodedata.normalize, kó fún un ní NFC àti ọ̀rọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ parí. Ẹni tí kò gbọ́ ọ lè lo Replace nínú Word. Mẹ́jọ ni ẹ̀yà tó sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù: ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀ àti lẹ́tà ńlá wọn. Ẹ da èyí tí kò bára mu kọ sínú àpótí òkè, ẹ tẹ èyí tó tọ́ sí ìsàlẹ̀, ẹ fi máàkì sí Match case kí lẹ́tà ńlá má baà di kékeré, kí ẹ tẹ Replace All. Ẹ ṣe é fún mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ti ìlà tó dúró ṣánṣán yẹn, NFC kò ní í fọwọ́ kàn án, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwárí máà ka àmì sí rárá, LibreOffice ní Diacritic-sensitive nínú Find & Replace, Firefox náà sì ní Match Diacritics nísàlẹ̀. Ẹ yọ máàkì rẹ̀, Adebayo lásán á bá Adébáyọ̀ pàdé.

Ní Kétu àti Sákété lọ́hùn-ún, níhà Benin, ɛ àti ɔ ni ìlànà ìjọba wọn ń lò dípò ẹ àti ọ, wọ́n sì ń kọ sh fún ṣ. Nọ́ńbà tiwọn dá yàtọ̀. Ẹni tó bá ń kó ìwé láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnubodè jọ gbọ́dọ̀ wá gbogbo ọ̀rọ̀ lọ́nà méjì.

Títo orúkọ náà ní tirẹ̀. Excel á fi Gbénga sí àárín Gàníyù àti Gíwá, torí pé g àti b ló rí. Nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, gb jẹ́ lẹ́tà kan tó ń tẹ̀ lé g, Gbénga yẹ kó wà lẹ́yìn Gíwá. Ẹni tó ń to ìwé atúmọ̀ èdè ni kó ṣọ́ ìyẹn.

Ta ló sọ ẹṣin di áº¹á¹£in?

Ẹ gba ìwé orúkọ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, fáìlì CSV. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, Excel ṣí i, ibi tí ẹṣin yẹ kó wà, áº¹á¹£in ni ẹ bá níbẹ̀, tòun ti àmì owó pọ́n-ùn láàárín. Kò sí ohun tó bà jẹ́ nínú fáìlì náà. Báìtì mẹ́ta ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ, mẹ́ta ni ti ṣ. Excel kàn ń ka báìtì kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà kan lọ́nà àtijọ́ ni. Ẹ pa á dé, ẹ má fi í pamọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí Excel tó ṣófo, ẹ lọ sí Data, ẹ tẹ From Text/CSV, níbi File Origin kí ẹ yan 65001: Unicode (UTF-8). Ẹṣin á padà di ẹṣin. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ fi fáìlì ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, CSV UTF-8 ni kí ẹ yàn nígbà tí ẹ bá ń fi í pamọ́.

Àpótí òfìfo yàtọ̀ sí èyí. Bí ẹ bá rí àpótí kékeré níbi tó yẹ kí lẹ́tà ẹ wà, fọ́ǹtì ni kò ní lẹ́tà náà. Bí àmì bá sún kúrò lórí ọ tó lọ jókòó sórí lẹ́tà kejì, fọ́ǹtì náà ni. Àwọn tó ń ṣe káàdì ìgbéyàwó ló ń jìyà rẹ̀ jù, nítorí fọ́ǹtì oníwọ̀gọ̀wọ̀gọ̀ tó wu ìyàwó kì í sábà ní ju lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lọ. Kí ẹ tó san owó, ẹ ní kí wọ́n fi fọ́ǹtì náà tẹ Ẹ̀ṣọ́ àti Ọ̀ṣọ́. Bí kò bá jáde dáadáa, ẹ yan òmíràn. Noto tí Google ń pín, Charis SIL, Gentium àti Andika gbé gbogbo àmì wa dúró síbi tó yẹ, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn.

Bí ẹ bá ń gbé iṣẹ́ lọ sí Ṣómólú tàbí Múṣin fún ìtẹ̀jáde, ẹ má gbé Word nìkan lọ. Ẹ sọ ọ́ di PDF, torí pé PDF lè gbé fọ́ǹtì dání. Bí ẹ bá sì gbọ́dọ̀ fún wọn ní Word, nínú File, Options, Save, ẹ fi máàkì sí Embed fonts in the file. Ẹ má sì da ọ̀rọ̀ kọ láti inú PDF padà sínú Word láì yẹ̀ ẹ́ wò, àmì sábà máa ń já sọnù lójú ọ̀nà.

Níbi tí àmì ti ń gba owó

Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán, èyí tí kì í ṣe WhatsApp, ń gba lẹ́tà 160 lójú ewé kan. Nínú ìlànà tó ń lò, à, è, é, ì, ò àti ù wà níbẹ̀. Á, í, ó, ú, ẹ, ọ àti ṣ kò sí. Bí ẹyọ kan péré nínú àwọn wọ̀nyí bá wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́, gbogbo rẹ̀ á bọ́ sí ìlànà mìíràn, ojú ewé kan á sì já sí 70. Ọ̀ àti ẹ́ á máa gba ààyè méjì méjì nínú àádọ́rin yẹn. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ojú ewé kan lọ, ìkọ̀ọ̀kan á tún já sí 67. Ìjọ tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ tó gba lẹ́tà 150 ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ìjọ ń san owó ojú ewé kan bí kò bá sí àmì. Bí àmì bá wọ̀ ọ́, ó di mẹ́ta, ó kéré tán. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá akápò lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ tó bá nílò àmì, ẹ gbé e gba WhatsApp.

Fọ́ọ̀mù ni ti èkejì. Mo kọ orúkọ mi sínú fọ́ọ̀mù ilé iṣẹ́ kan bí àwọn òbí mi ṣe sọ ọ́, fọ́ọ̀mù náà dá mi lóhùn ní pupa pé lẹ́tà tí mo lò kò bófin mu. Orúkọ tí wọ́n sọ mí lọ́jọ́ ìkómọ! Ilé iṣẹ́ tó ń sin àwọn ọmọ Yorùbá kò ní àwáwí láti má gba lẹ́tà ọ lónìí, torí pé iṣẹ́ kékeré ni fún ẹni tó kọ ètò náà. Títí wọn ó fi ṣe é, ìwé tó bá ní í ṣe pẹ̀lú ìdánimọ̀ àti báńkì, ọ̀nà kan ni kí ẹ máa gbà kọ orúkọ yín níbi gbogbo, nítorí pé ẹ̀rọ lè sọ pé orúkọ tó ní àmì àti èyí tí kò ní kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹ má sì fi ọ tàbí ẹ sínú ọ̀rọ̀ ìwọlé yín. Ọjọ́ tí ẹ bá bá ara yín lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní kíbọọ̀dù Yorùbá, ìta ni ẹ ó wà.

Ṣé kọ̀ǹpútà kò lè fi àmì sí i fúnra rẹ̀?

Ó ń gbìyànjú. Lọ́dún 2018, Iroro Orife gbé iṣẹ́ kan jáde lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè kọ́ láti dá àmì padà sórí Yorùbá tí wọ́n kọ ní ìhòòhò, àwọn mìíràn sì ti tẹ̀ síwájú lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè lóde òní náà á fi àmì sí i bí ẹ bá ní kí wọ́n ṣe é. Wọ́n wúlò fún àgbékalẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń fi ohun tó ti kà rí díye lé e ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kò ní àmì tàbí kí àmì rẹ̀ wọ́. Orúkọ èèyàn, oríkì àti òwe ni wọ́n ti ń ṣìnà jù. Ẹni tó bá fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí àmì lórí oríkì òkú, tí kò sì kà á kí ó tó tẹ̀ ẹ́ jáde, àwọn ẹbí á bá a kà á ní gbangba.

Gbogbo àmì tí ẹ bá tẹ̀ sí i dáadáa nísinsìnyí ni ẹ̀rọ ọ̀la yóò kọ́ lára rẹ̀. Èyí tí ẹ fi báírò sí, orí bébà ló parí sí.

Ó kù sọ́wọ́ ẹni mẹ́ta. Ẹ̀ka Yorùbá ní yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì lè fi kíbọọ̀dù kún ohun tí ọmọ ọdún kìíní ń kọ́, kí wọ́n sì máa gba iṣẹ́ tí wọ́n tẹ àmì sí nìkan. Àwọn tó ń kọ ètò fún báńkì àti ìjọba lè ṣí fọ́ọ̀mù wọn fún ẹ, ọ àti ṣ. Ẹnì kẹta ni mo gbára lé jù, torí pé owó ló ń wá, kò sì ní í dúró de ìpàdé ìgbìmọ̀ kankan. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù tó bá fi kíbọọ̀dù Yorùbá kan náà sórí gbogbo kọ̀ǹpútà rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, tó kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lò ó, tó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri pé òun ń tẹ Yorùbá tòun tàmì, ni yóò gba iṣẹ́ tí gbogbo aládùúgbò rẹ̀ ń kùn sí.